Nígbà tí Mo Fẹ́ Ya Àwòrán Ìyàwó Mi

Ó pẹ́ tí mo fi ń bẹ ìyàwó mi pé kó jẹ́ kí n ya àwòrán rẹ̀. Ìwé mi ló ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́.

Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni mí ní Kano nígbà náà, láàárín àwọn ọdún 1970. Mo ní ìwé ńlá kan tó kún fún àwòrán tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yà láyé Ọbabìnrin Victoria. Bí ìyàwó mi bá ti ọjà Sabon Gari dé, níbi tó ti ń ta aṣọ, a jọ máa ń ṣí i wò. Kì í béèrè nípa ọ̀dà. Yóò ní, "Tíṣà, kí ni obìnrin yìí jẹ́ sí ẹni tó yà á?" Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń ka ìtàn ìgbésí ayé àwọn ayàwòrán náà.

Obìnrin kan nínú àwọn àwòrán náà jókòó lójú fèrèsé. Mo ṣàlàyé pé ọmọ tálákà ni, pé ó jókòó fún ayàwòrán náà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ọkùnrin náà tó gbé e níyàwó, àìsàn sì ti wọ̀ ọ́ lára.

"Kí ni ọkùnrin náà ń dúró dè?"

"Ìwé ò sọ."

"Kò ní sọ. Ọkùnrin ló kọ ọ́."

Ó gbé ìwé náà lọ sọ́jà. Nígbà tí mo débẹ̀, àwọn obìnrin ọjà ti dá ẹjọ́ ayàwòrán náà tán. Alhaja tí ìsọ̀ rẹ̀ kangun sí ti ìyàwó mi nàka sí ojú ìwé náà. "Ba shi da kunya. Ojú ò tì í rárá."

Mo tún bẹ ìyàwó mi.

"Kí n jókòó bí ère? Ẹ ò rí ohun tó ṣe ọmọ ọlọ́mọ?"

"Èmi ti fẹ́ ọ ná."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi níṣẹ́ púpọ̀."

Ó gbà níkẹyìn, ní Sátidé kan nígbà ọyẹ́: yóò máa ṣa ẹ̀wà, yóò máa sọ̀rọ̀, yóò dìde bó bá wù ú. Mo ní kó pa ẹnu dé kí n lè ya ètè rẹ̀. Ó ní, "Ẹ yà á bẹ́ẹ̀." Bẹ́ẹ̀ náà ni mo yà á.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, àwọn ọmọ fẹ́ gbé fọ́tò kọ́ sí pálọ̀, èyí tó yà nílé fọ́tò kan ní àdúgbò Noman's Land, tó dákẹ́ jẹ́ẹ́, tó káwọ́ lé itan. Wọn ò fẹ́ tèmi. "Baba, bakinta a buɗe yake," ni àbígbẹ̀yìn wí: ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Mo ní kí wọ́n gbé fọ́tò wọn kọ́. Tèmi wà nínú yàrá, ó dojú kọ ibùsùn. Mo rántí ohun tó ń sọ lọ́wọ́ nígbà tí mo ya ètè rẹ̀. Ó ní omi ti ń hó lórí sítóòfù, kí n fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, kí n lọ gbé ìkòkò sọ̀.