Bí Oyèníran Ṣe Di Ọ̀gá Ara Rẹ̀

Ọdún 2004 ni Oyèníran àti Mobọ́lá ìyàwó rẹ̀ dé Manchester láti Ṣàgámù. Newton Heath ni wọ́n ń gbé, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la sì jọ ń lọ. Mobọ́lá ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn. Oyèníran, tó jẹ́ tíṣà nílé, ríṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí kan ní Trafford Park. Àga ọgbà ni wọ́n ń tà níbẹ̀, àti agbòòrùn ńlá tí èèyàn ń ta sókè kí oòrùn má baà pa á. Ẹni tó bá mọ Manchester á béèrè pé oòrùn wo. Oyèníran náà béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n ní kó máa kó àga lọ.

Ogójì èèyàn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ lọ́dún 2008, ẹni tó ni ilé iṣẹ́ náà tà á fún ará Amẹ́ríkà kan. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ wá kí wọn. Ó gun orí ọ̀kan nínú àwọn àga náà, ó ní òun tí wọ́n ń wò yìí, ilẹ̀ lòun ń gbá nígbà tóun bẹ̀rẹ̀, pé bó ti wù kí ìlú le tó, kò sí ẹni tí kò lè gòkè. Àga náà ń mì lábẹ́ rẹ̀.

"Kó tètè sọ̀kalẹ̀ ná," ni Rasheed, ọmọ Ìbàdàn tó ń wa forklift tí wọ́n fi ń gbẹ́rù, sọ sí Oyèníran létí. "Kó má lọ ṣubú."

Oyèníran ò gbọ́. Ó ti mú bírò, ó ń kọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà sílẹ̀.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n dá èèyàn méjìlá dúró. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n pe Oyèníran, tí wọ́n fún un ní báàjì tuntun: team leader. Mobọ́lá dì mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú oríire o, Bàbá Ayọ̀bámi! Ṣé wọ́n fi kún owó yín?"

"Wọ́n ní ó di ìgbà tí nǹkan bá ṣẹnuure."

"Kí wá ni wọ́n fi kún?"

"Iṣẹ́."

Lọ́jọ́ Ìsinmi a bá a dúpẹ́. Èmi náà jó débi pẹpẹ. Nígbà tó ṣe, wọ́n tún dá mẹ́wàá dúró, Oyèníran di súpáfáísọ̀. A tún jó. Mẹ́jọ mìíràn lọ lẹ́yìn ọdún tuntun, ó di máníjà. Nígbà tí oṣù keje fi máa pé, mẹ́jọ tún ti lọ, òun àti Rasheed nìkan ló kù, Oyèníran sì ti di máníjà àgbà. Òfin ilé iṣẹ́ ni pé kí máníjà bá àwọn òṣìṣẹ́ ṣèpàdé láràárọ̀. Oyèníran á dúró níwájú, Rasheed á jókòó sórí àga ọgbà kan.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́," Oyèníran á bẹ̀rẹ̀.

"Gbogbo wa la wà níkàlẹ̀, sà," Rasheed á dáhùn. "Àwọn tó wà lẹ́yìn ní àwọn ò gbọ́ yín dáadáa."

Lẹ́tà tí wọ́n fi máa dá Rasheed náà dúró dé. Ọjọ́ mẹ́ta ni Oyèníran fi gbé e sápò. Lọ́jọ́ kẹrin, Rasheed na ọwọ́ sí i.

"Mú un wá jàre. Látìgbà tó o ti ń kí mi bí àlejò ni mo ti mọ̀."

Oyèníran bú sẹ́kún. Rasheed ló wá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. "Èmi tí wọ́n lé ò sunkún, ìwọ tí wọ́n fẹ́ fi jẹ díréktọ̀ lò ń ké?"

Lóòótọ́, díréktọ̀ ni wọ́n fi jẹ. Pásítọ̀ Ọládòṣù ní kó wá bá àwọn ọ̀dọ́ wa sọ̀rọ̀ lórí bí èèyàn ṣe ń gòkè. Oyèníran kì í purọ́. Ó sọ fún wọn pé òun nìkan ló kù níbẹ̀, pé bí wọ́n bá ti ń lé èèyàn lòun ń gba àyè rẹ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì kígbe pé "Àmín!" Bó ṣe sọ̀kalẹ̀, èèyàn mẹ́jọ ló kó CV lé e lọ́wọ́.

Láàárọ̀ á gbá ilẹ̀, á di ẹrù. Tó bá di ọ̀sán, á wẹ ọwọ́, á so táì, á gòkè lọ bá ará Amẹ́ríkà náà sọ̀rọ̀ lórí kọ̀mpútà.

"Àwọn èèyàn rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ń gbìyànjú, sà."

"Bá mi sọ fún wọn pé mo mọyì wọn."

Oyèníran á sọ̀kalẹ̀ wá, á dúró láàárín àwọn àga, kò ní mọ ẹni tó máa sọ ọ́ fún.

Nínú oṣù Kejìlá ni lẹ́tà ìkẹyìn dé. Kò sẹ́ni tó pa orúkọ Oyèníran rẹ́ nínú ìwé àwọn tó ń gbé àga nígbà tó di ọ̀gá, torí náà èèyàn méjì ni wọ́n kà á sí. Wọ́n ní ó ku òṣìṣẹ́ kan lábẹ́ díréktọ̀, kí díréktọ̀ dá a dúró. Ó gbọ́dọ̀ pè é jókòó gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí, òṣìṣẹ́ náà sì lè mú ẹnì kan dání tó máa bá a sọ̀rọ̀.

Oyèníran kì í fi òfin ṣeré. Ó kọ lẹ́tà sí ara rẹ̀, ó mú un relé. Mobọ́lá kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta ló fọwọ́ sí i?"

"Èmi ni."

"Wọ́n ní kí ẹ mú èèyàn dání. Mò ń bọ̀."

Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ló wọ̀ wá lọ́jọ́ náà. Òun àti ọkọ rẹ̀ jókòó sápá kan tábìlì.

"Díréktọ̀ dà?" ni Mobọ́lá bi í.

Oyèníran dìde, ó yí tábìlì po, ó so táì, ó jókòó.

"Ẹ káàsán, sà. Ọdún márùn-ún lọkọ mi ti fi ṣiṣẹ́ fún yín. Kò pẹ́ lẹ́yìn rí, kò jalè rí. Àga yín ti ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Kí ló ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Madam. Ìlú ló le."

"Ó le fún un, kò le fún yín? Ẹ̀yin ń gòkè, ẹ wá ń ti òun sísàlẹ̀?"

"Madam, èmi náà..."

"Òun ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi."

Oyèníran wo àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀. "Ẹ má bínú," ló sọ fún un.

"Ẹ wá gbọ́ èsì rẹ̀," ni Mobọ́lá wí.

Oyèníran padà wá jókòó tì í, ó tú táì. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ tóun sọ ti jáde. "Ó ti rẹ̀ mí, sà," ló sọ. Mobọ́lá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Oyèníran wá lọ sápá kejì tábìlì, ó fọwọ́ sí ìwé.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ọkọ̀ wá kó ọgọ́ta àga fún ilé ìwé kan. Oyèníran dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ẹni tó ń gbé àga ti lọ.

"Ìwọ ò lọ́wọ́ ni?" ni dírẹ́bà bi í.

"Ọwọ́ díréktọ̀ nìyí."

Ará Amẹ́ríkà náà pariwo lórí kọ̀mpútà títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Oyèníran ní òun ò lè fi ẹni tí òun ti lé ṣiṣẹ́, òfin ò gbà bẹ́ẹ̀. Kó tó di ìparí oṣù kìíní, wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa.

Iṣẹ́ wíwá wá dòwúyẹ́. Níbikíbi tó bá dé, wọ́n á ní àwọn ò lè ní kí díréktọ̀ wá máa gbẹ́rù. Ó yọ díréktọ̀ kúrò nínú CV rẹ̀. Wọ́n ní máníjà àgbà náà ti pọ̀ jù. Ó ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bẹ́ẹ̀ títí dé oṣù kẹrin. Rasheed, tó ti ń wa bọ́ọ̀sì nígbà náà, ló sọ fún un pé wọ́n ń wá ẹni tó máa fọ bọ́ọ̀sì níbi iṣẹ́ òun. Wọ́n bi Oyèníran níbẹ̀ pé kí ló ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ó ní òun ń gbé àga. Wọ́n gbà á lójú ẹsẹ̀.

Ó fọ bọ́ọ̀sì fún ọdún méjì, ó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á. Ọ̀nà Rochdale ló ń ná báyìí. Mo wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo bi í bí nǹkan ṣe ń lọ. Ó ní Ayọ̀bámi ọmọ òun ti ń kọ́ mọ́tò wíwà, pé òun jókòó tì í lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ náà sì sọ fún òun pé, "Ẹ ń sọ̀rọ̀ jù."