Àárọ̀ Tí Màmá Mi Pè Mí ní Gbọ̀ngàn

Lọ́dún tí wọ́n tú títì Ìyànà-Ìbà, tí eruku ń bá wa wọ kíláàsì, mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì aládàáni kan lọ́nà Ọ̀tọ̀-Àwórì. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà níbẹ̀ báyìí máa ń bi mí bóyá lóòótọ́ la fẹ̀hónú hàn, bóyá a jó táyà. Ẹ gbàgbé táyà. Ẹnu la pa mọ́.

Àwa méje péré là ń kọ́ ìmọ̀ ẹlẹ́kítíróníìkì. Yàrá iṣẹ́ wa kéré, òórùn lẹ́ẹ̀dì tí à ń yọ́ sí wáyà kì í kúrò lára aṣọ wa, síbẹ̀ kò síbi tí mo fẹ́ràn tó o. Sídí ló mọ iṣẹ́ jù nínú wa. Ará Ìjẹ̀bú ni bàbá rẹ̀, rédíò ni wọ́n ń tà l'Alábà, kékeré ló sì ti ń tú u palẹ̀. Bí mo bá fi iná jó ìka, á ní, "Ọmọ tíṣà, ṣé wáyà lo fẹ́ jó ni àbí ara ẹ?" Ọlọ́run ló mọ bó ṣe ń wù mí kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lọ́jọ́ kan, Díìnì wa kéde pé wọ́n ti pa ẹ̀ka wa rẹ́, kí gbogbo wa lọ kọ́ ìmọ̀ okòwò. Fọ́ọ̀mù ti wà nílẹ̀. Bó bá pe orúkọ rẹ ní gbọ̀ngàn láàárọ̀, wàá dáhùn, wàá jáde, wàá buwọ́ lù ú. Kò sí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ẹni tó bá sì ṣe ìwọ́de á lọ rọọ́kún nílé. Sídí ló wá ní, "Bí a ò bá jẹ́, ta ló fẹ́ gbé bírò fún?"

Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni Díìnì fi pe orúkọ wa tí gbọ̀ngàn ń pa lọ́lọ́. Mi ò tíì ní irú ayọ̀ yẹn láyé mi láti ìgbà náà.

Lọ́jọ́ kẹrin, àwọn òbí wa la bá lórí àga iwájú. Àṣé ilé ìwé ti fóònù wọn pé àwọn máa lé wa. Màmá mi, tíṣà ní Navy Town, ni Díìnì kọ́kọ́ gbé máíkì fún. Màmá ò pe orúkọ inú ìwé rárá, oríkì mi ni wọ́n pè.

"Àṣàkẹ́."

"Mà." Mo ti dìde kí n tó mọ̀.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ọmọ Yorùbá wo ni ìyá rẹ̀ máa pè tí kò ní í jẹ́? Ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ni Díìnì yẹn. Mo buwọ́ lùwé, àwọn márùn-ún sì tẹ̀ lé mi bí òbí wọn ṣe ń pè wọ́n.

Ó ku Sídí. Bàbá rẹ̀ gba máíkì, wọ́n wo ọmọ wọn títí.

"Alhaji, ẹ pè é," Díìnì ní.

"Bí mo bá pè é, á jẹ́," ni bàbá náà fèsì. "Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní pè é."

Wọ́n gbé máíkì sílẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ilé ìwé ti lé Sídí, bàbá rẹ̀ sì ti bá a kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé.

Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni mò ń wò. Ẹ̀ka náà ti padà, ẹ̀yin lẹ sì wà nínú rẹ̀. Bóyá ọjọ́ mẹ́ta wa wà lára ohun tó dá a padà, mi ò mọ̀. Ìwé ẹ̀rí okòwò mi wà lára ògiri. Màmá mi ti lọ, kò sì sẹ́ni tó ń pè mí ní Àṣàkẹ́ mọ́. Sídí ò gba ìwé ẹ̀rí kankan.

Lóṣù tó kọjá, mo dúró lódìkejì ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ l'Alábà. Sídí tẹ̀ba sórí rédíò kan, èéfín lẹ́ẹ̀dì ń rú sí i lójú. Àárò rẹ̀ sọ mí. Ibi tí mo dúró sí ò jìn, mo sì mọ̀ pé bí mo bá pè é, á jẹ́.

Mi ò tíì pè é.