Ìwé Tí Tòún Fọwọ́ Sí

Ẹni tó bá rí mi nídìí sitíárì bọ́ọ̀sì ní Peckham, ní London, èèyàn dáadáa ló máa pè mí. Mo máa ń dúró de arúgbó tó ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀. Ní mọ́ṣáláṣí wa, èmi ni wọ́n máa ń ní kó bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kọ fọ́ọ̀mù kánsù, torí mo mọ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀ tí òyìnbó á fi gbà. Orúkọ mi ni Gàníyù, mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, ọgbọ́n fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń yìn mí sí yìí ni mo sì fi ba ilé màmá mi jẹ́.

Aránṣọ ni màmá mi, Mìsítúrà, ní Òkè-Fìà ní Òṣogbo. Àwa méjì ni wọ́n tọ́ dàgbà, èmi àti Tòún. Èmi ni wọ́n bí. Ìyá Tòún àti Màmá jọ ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà ni. Ìyá yẹn kú lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí Tòún wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, Màmá sì pọ̀n ọ́n wálé lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó bi wá léèrè ẹni tó bí ẹnìkan nínú ilé wa. Pàṣán kan náà ni wọ́n fi ń nà wá, orí ẹní kan náà la sì ń sùn. Nígbà tí mò ń bọ̀ ní London, Tòún ló ní kí wọ́n ta ẹ̀rọ ìránṣọ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, kí owó ọkọ̀ mi lè pé.

Lọ́dún kan báyìí, mo kọ̀wé kí Màmá wá kí wa fún oṣù mẹ́fà. Ẹni tó bá ti kọ fọ́ọ̀mù físà rí mọ̀ pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi ọgbọ̀n ọ̀nà béèrè: ṣé ẹ máa padà sílé? Mo dá wọn lóhùn dáadáa. Mo kọ ọ́ pé Tòún, ọmọ wọn obìnrin, nọ́ọ̀sì, ń gbé pẹ̀lú wọn, pé òun ló ń tọ́jú wọn, pé wọn ò lè fi í sílẹ̀. Irọ́ kankan ò sí níbẹ̀. Físà jáde láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, orí mi sì wú.

Màmá fẹ́ràn Peckham ju bí mo ṣe rò lọ. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, wọ́n ti mọ ẹni tí gaàrí rẹ̀ dáa ní Rye Lane àti ẹni tó ń po irọ́ mọ́ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n. Ọwọ́ tó ti rán aṣọ ìyàwó fún ìdajì àdúgbò kò lè de bọ́tìnì ara rẹ̀ mọ́. Nílé, Tòún ló ń bá wọn de é. Ní Peckham, èmi ni, láàárọ̀ kí n tó lọ ṣíìfù. Wọ́n á wò ó, wọ́n á ní, "Ó wọ́, Gàníyù. Tú u." Inú mi á sì dùn. Ọdún mọ́kànlá ni n kò fi ní ìwé ìgbélùú, tí n kò lè lọ sílé. Lásìkò yẹn ni bàbá mi kú, orí fóònù ni mo ti gbọ́ àdúrà òkú wọn. Nígbà tó ku oṣù kan kí àkókò Màmá pé, mo pinnu nínú ara mi pé wọn ò ní padà mọ́.

Ẹnìkan sọ fún mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ pé físà kan wà fún àwọn tó ti fẹ̀yìntì, pé kí n kàn yí ti àbẹ̀wò sí i. Mo gba ọ̀dọ̀ lọ́yà kan lọ, obìnrin tó ń jẹ́ Ìmọ́lẹ̀olúwa, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù aṣọ.

Ó rẹ́rìn-ín. "Uncle, retirement visa yẹn, wọ́n ti close ẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Visitor sì ni Mummy, ẹ ò lè switch wọn níbí. Wọ́n máa padà sílé ni, ká apply láti ibẹ̀, pé wọ́n need care lójoojúmọ́, pé kò sí ẹnì kankan lọ́hùn-ún tó lè ṣe é." Ó ṣí fọ́ọ̀mù tí mo kọ lákọ̀ọ́kọ́ sórí kọ̀ǹpútà, ó kà á. "Àh, Uncle. Daughter. Nurse. Lives with her. Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́. Case yìí ti kú."

Ẹnu mi yá. Mo ní, "Màmá mi kọ́ ló bí i."

N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí láyé mi, èmi ni mo sì kọ́kọ́ sọ ọ́, níwájú àlejò.

Lọ́yà gbójú sókè. "Really? Kò sí adoption paper?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Kó lọ búra ní kóòtù nìyẹn. Pé òun kì í ṣe ọmọ wọn, pé òun ò bá wọn gbé mọ́, pé òun ò ní lè máa tọ́jú wọn. But it has to be true o, Uncle. Mi ò kí ń fi irọ́ ránṣẹ́."

Ó yẹ kí ojú tì mí. Ojú ò tì mí, mo ń fò fáyọ̀ ni. Kàńtíìnì ibi iṣẹ́ ni mo jókòó sí tí mo fi kọ ìwé náà tán kí àkókò ìsinmi mi tó pé. Mo kọ ọ́ pé òun kàn jẹ́ ẹni tí wọ́n gbà sílé nítorí àánú. Lọ́yà ò ní kí n fi ìyẹn sí i. Èmi ni mo rò pé ó máa gbé ọ̀rọ̀ náà dúró dáadáa.

Mo pe Tòún. Mo ṣàlàyé fún un.

"Ṣé Màmá mọ̀ sí i?"

"Rárá, má jẹ́ ká dà wọ́n láàmú."

"Ṣé ohun tó máa jẹ́ kí wọ́n lè wà lọ́dọ̀ yín nìyẹn, Bọ̀ọ̀dá mi?"

"Òun náà ni. Ìwé lásán ni, Tòún."

"Ó dáa. Ẹ fi ránṣẹ́."

Lọ́jọ́ kẹta, ó fi fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́, pẹ̀lú òǹtẹ̀ kóòtù. N kò kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Oṣù mẹ́fà pé, mo sin Màmá lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n pè mí láti Òṣogbo. "Gàníyù, títì ni mo bá ilé. Ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni kọ́kọ́rọ́ wà. Níbo ni Tòún lọ?"

Tòún ti gba yàrá kan lẹ́bàá ọsibítù rẹ̀. Mo pè é tìbínútìbínú. Mo ní, "Ṣebí mo sọ fún ẹ pé ìwé lásán ni!"

Kò gbé ohùn sókè. "Bọ̀ọ̀dá mi, Kùránì ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Mo fi búra pé mi ò gbé ibẹ̀ mọ́, pé mi ò tọ́jú wọn mọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ṣé ẹ fẹ́ kí n di elékèé ni?"

Àwọn aládùúgbò ló wá ń bá Màmá de bọ́tìnì, ọjọ́ tí wọ́n bá ráyè. Nígbà tí mo sọ fún lọ́yà, ó ní, "Uncle, case yín ti wá clean báyìí." Òtítọ́ ló sọ. Mo kọ ọ́ pé màmá mi ò lẹ́nì kankan, ó sì ti rí bẹ́ẹ̀.

Físà jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ. Mo fi ariwo ayọ̀ pe Màmá.

"Mo bi Tòún ìdí tó fi kó jáde. Ó ní òun fọwọ́ sí ìwé kan, pé ìwọ ni kí n bi," ni wọ́n wí. "Ka ìwé tó fọwọ́ sí fún mi."

Màmá ò gbọ́ òyìnbó, èmi ni mo ní láti sọ ọ́ ní Yorùbá. Nígbà tí mò ń kọ ọ́ ní òyìnbó, kò dun ẹnikẹ́ni. Ní Yorùbá, ìyá mi ni mò ń sọ ọ́ fún. Mo dé ibi àánú, mo fẹ́ fò ó. Wọ́n ní, "Máa kà á lọ." Mo kà á.

Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ọmọ méjì ni mo ní. Nítorí kí n lè máa bá ọ̀kan gbé, o gba ìkejì lọ́wọ́ mi. Máa lo físà ẹ." Wọ́n pa fóònù.

Wọn ò wá. Ọjọ́ físà náà kọjá, mo sì ń wa bọ́ọ̀sì mi.

Lóṣù tó kọjá, mo gba ìsinmi, mo lọ sí Òṣogbo, mo lọ bá Tòún nínú yàrá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Èmi, ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un, mo ní kó dárí jì mí, kó padà sílé. Ó fà mí dìde, ó ní òun ò bínú, ṣùgbọ́n òun ti búra. Nígbà tí a wà nílé, bí mo bá ní ebi ń pa mí, Tòún á ní oúnjẹ wà nínú ìkòkò, kí n dìde lọ bù ú. Lọ́jọ́ yẹn, ó nu àga kan ṣoṣo tó ní, ó ní kí n jókòó. Ó jáde lọ ra ìgò móòtì tútù kan àti bisikíìtì, ó tò wọ́n sórí tíréè, ó gbé e síwájú mi, ó ní kí n má bínú, pé òun ò mọ̀ pé mò ń bọ̀. Mo mu ún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí àlejò ṣe máa ń ṣe.