Bọ́ọ̀lù Tó Fara Kan Ìlà

Mo rántí ìgbà tí iṣẹ́ mi jẹ́ láti máa dá àwọn òyìnbó àgbàlagbà lẹ́bi láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Kétu ni mo ti ń ṣe é, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta táyà, níbi tí wọ́n to kọ̀ǹpútà méjìlá sí, tí fáànù kan ṣoṣo ń fẹ́ sí gbogbo wa. Àwọn òyìnbó tí mo ń wí yìí kò mọ̀ mí rí. Òkè òkun lọ́hùn-ún ni wọ́n wà, lórí pápá bésíbọ́ọ̀lù, eré tí wọ́n ń fi igi gbọọrọ gbá bọ́ọ̀lù kékeré. Réfírì ni wọ́n, kì í sì í ṣe ti eré ọmọdé, réfírì àwọn tó ń fi eré náà jẹun ni. Èmi tí n kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù náà rí láyé mi ni wọ́n wá fi ṣe adájọ́ lórí wọn.

Bó ṣe rí nìyí. Ilé iṣẹ́ kan lókè òkun fẹ́ kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa mọ ìgbà tí réfírì bá ṣàṣìṣe. Kí kọ̀ǹpútà tó lè mọ̀ ọ́n, ènìyàn ní láti kọ́kọ́ fi hàn án, àwa sì ni ènìyàn náà. Wọ́n á fi fídíò kéékèèké ránṣẹ́ sí wa: ẹnì kan yóò ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kan yóò dúró pẹ̀lú igi, ẹnì kan yóò lóṣòó sẹ́yìn rẹ̀ láti mú bọ́ọ̀lù náà, réfírì yóò sì bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn gbogbo wọn pẹ̀lú irin tó fi bojú. Wọ́n ti ya ìlà funfun mẹ́rin sójú fídíò náà bí ojú fèrèsé. Bí ẹni tó mú igi kò bá gbá bọ́ọ̀lù náà, réfírì ni yóò sọ bóyá ojú fèrèsé yẹn ló gbà kọjá tàbí kò gba ibẹ̀. Tiwa ni pé ká wò ó, ká tẹ "ó tọ́" tàbí "kò tọ́".

Lẹ́nu, ó rọrùn. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́ pátápátá. Mo rí ọkùnrin kan tó gbá bọ́ọ̀lù débi pé kámẹ́rà ń wá a lójú ọ̀run, ẹnì kan hán an nítòsí ọgbà, wọ́n sì ní kí ẹni tó gbá a lọ jókòó. Mo rí ẹlòmíì tí kò gbá nǹkan kan, tó kàn dúró gbagidi, wọ́n ní kó máa rìn lọ síwájú lọ́fẹ̀ẹ́. Mo rí kóòṣì kan, irun funfun kún orí rẹ̀, tó sáré jáde wá bá réfírì, tó ń fi bàtà ta eruku sí i lẹ́sẹ̀, tó ń jágbe mọ́ ọn. Réfírì kàn nawọ́ sọ́nà, bàbá arúgbó náà sì yípadà, ó jáde kúrò lórí pápá bí ọmọ iléèwé tí wọ́n lé sílé. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, n kò mọ ẹni tó ṣẹ ẹnì kejì. Mo bi ẹni tó jókòó tì mí pé kí ló dé tí wọn ò ní kí bàbá náà jókòó, kó mumi, kí wọ́n sì bẹ̀ ẹ́. Òun náà ò mọ̀.

Ọ̀gá wa, ọkùnrin kan tó ń ti Mende wá lójoojúmọ́, tí ṣáàtì rẹ̀ kì í hunjọ, ti fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní ìwé ìlànà olójú ìwé mẹ́jọ. Ojú ìwé kan àti ààbọ̀ ni mo kà nínú rẹ̀ kí oorun tó gbé mi lọ. Nígbà tí mo jí, mo tún wo ìlà funfun mẹ́rin yẹn, inú mi sì dùn, nítorí mo rò pé mo ti rí nǹkan tí mo mọ̀. Ojúlé gòólù ni mo kà á sí. Èmi sì nìyí, mo ti ṣe láìnsìmánì fún ọdún mẹ́ta lórí pápá kan ní Ìkòsí, pẹ̀lú àlòkù gèlè ìyá mi tí mo so mọ́ igi. Kò sí ọmọ Ìkòsí tí kò mọ̀ pé bọ́ọ̀lù tí kò bá wọlé tán kò wọlé. Bó ṣẹ́ ku bí ìbú irun, kì í ṣe gòólù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fẹ́ lù mí nítorí òfin yìí, n kò yẹhùn.

Bí mo ṣe gbé òfin Ìkòsí lọ sórí pápá bésíbọ́ọ̀lù nìyẹn. Bọ́ọ̀lù tó bá kan ìlà, tí ara rẹ̀ kò tíì wọ inú fèrèsé tán, tí réfírì sì ní ó wọlé, mo ti dá réfírì lẹ́bi. Réfírì kan wà tó tóbi, tó ní irùngbọ̀n, mo dá a lẹ́bi tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra rẹ̀. Mo máa ń sọ fún un lójú kọ̀ǹpútà pé, "Bàbá, ẹ lọ wo ojú yín." Àìmọ̀kan àìmọ̀kàn ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé inú ọ̀gá wa dùn sí mi. Àṣìṣe réfírì ni àwọn tó gbéṣẹ́ fún wa ń wá, kò sì sẹ́ni tó ń rí àṣìṣe tó mi. Oṣù kejì kò tíì pé tí ọ̀gá fi sọ mí di ẹni tí yóò máa yẹ iṣẹ́ àwọn mẹ́ta mìíràn wò.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà ni obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Aunty Tíṣà. Àgbòyí ni wọ́n ń gbé, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n máa ń wọ̀ wá sí Kétu láràárọ̀. Wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí iléèwé wọn tó kógbá sílé. Iyanrìn ni ọkọ wọn ń wà nínú odò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ti ń dùn ún, kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, nítorí náà iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yìí àti lesson tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò nírọ̀lẹ́ ni ilé náà gbójú lé. Wọ́n dàgbà jù mí lọ dáadáa, síbẹ̀ Ọ̀gá Kékeré ni wọ́n ń pè mí, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣì wà nínú oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ọ̀gá fi ń dán òṣìṣẹ́ tuntun wò. Gbogbo wa la mọ òfin ọ̀gá: ẹni tí máàkì rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léra wọn, kó máa lọ sílé.

Èmi ni mo sì ń fún wọn ní máàkì. Ohun tí mo bá dá réfírì lẹ́bi sí, Aunty Tíṣà á ní ó tọ́. Mo rò pé àánú ló ń ṣe wọ́n, pé bí wọ́n ṣe ń fi máàkì ta àwọn ọmọ lọ́rẹ ní iléèwé ni wọ́n ṣe ń ṣe fún réfírì. Ọ̀sẹ̀ kìíní, máàkì wọn lọ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún lọ sílẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n pè mí sídìí kọ̀ǹpútà wọn.

"Ọ̀gá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo bọ́ọ̀lù yìí. Ó kan ìlà. Réfírì yẹn tọ̀nà o."

"Aunty, kò wọlé tán."

"Ṣebí page five ní tó bá ṣáà ti kàn án, ó ti wọlé nìyẹn? Àbí ẹ ò tíì kà á ni?"

Wọn ò fi ọ̀rọ̀ náà gún mi lára. Àmọ́ àwọn tó wà nítòsí ti gbójú sókè, ìtìjú sì mú mi. Bí mo bá ní n kò kà á, Ọ̀gá Kékeré ti tẹ́ nìyẹn. Mo gbé ohùn sókè díẹ̀.

"Mo ti kà á, Aunty. Mo kà á dáadáa. Bí ẹ ṣe kà á yẹn kọ́ ló wà níbẹ̀. English yẹn ló dàrú mọ́ yín lójú."

"Bóyá ni o," ni wọ́n wí. "Bóyá èmi ni kò yé." Wọ́n sì kọjú sí kọ̀ǹpútà wọn padà. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá pè wọ́n wọlé, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi jáde. Wọ́n kó fíláàsì oúnjẹ wọn sínú báàgì, wọ́n kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ní, "Ẹ ṣé o, Ọ̀gá Kékeré. Ẹ gbìyànjú lórí mi."

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn kí àwọn tó gbéṣẹ́ fún wa tó pè wá lórí fídíò. Ọmọbìnrin òyìnbó kan tó ń rẹ́rìn-ín ṣáá ló yọjú. Ó ní ó ya àwọn lẹ́nu pé àwọn réfírì tó gba ọwọ́ wa kọjá burú ju ti gbogbo ibòmíràn lọ. Ó fi fídíò kan hàn wá, réfírì onírùngbọ̀n mi ni. Ó ní bọ́ọ̀lù yìí wọlé o, nítorí bí etí bọ́ọ̀lù bá ti lè fara kan ìlà, ó ti wọlé. Ó ní ó wà ní ojú ìwé karùn-ún. Gbogbo ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé. Èmi náà ṣí tèmi. Gbólóhùn kan péré ni, kò sì sí ọ̀rọ̀ líle kankan nínú rẹ̀.

Ọ̀gá ti yára sọ fún ọmọbìnrin náà pé ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe. Lẹ́yìn náà mo tẹ̀ lé e wọ yàrá rẹ̀.

"Ọ̀gá, Aunty Tíṣà ló tọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n padà."

"Sórí àga wo?" ó bi mí. "Ẹlòmíì ti ń lo tiwọn. Tó bá wá ń dùn ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, dìde lórí tìẹ. Mo máa pè wọ́n lónìí."

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni n kò fi mọ ohun tí mo máa ṣe. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi ò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kankan kí n tó dájọ́. Mo ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ọwọ́ mi á dúró lórí bọ́tìnì, n kò ní lè tẹ èyíkéyìí. Mo ti wá mọ̀ nígbà yẹn pé nínú eré náà, bí réfírì bá ti dájọ́ irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀, ó parí nìyẹn. Kóòṣì lè ta eruku títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọn kò ní yí i padà. N kò mọ̀ bóyá ti èmi náà ti rí bẹ́ẹ̀. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, nígbà tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Àgbòyí. Mo ti pinnu pé màá fún wọn ní àga mi, ká sì parí rẹ̀ síbẹ̀.

Mo bá Aunty Tíṣà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n ti to àwọn bẹ́ǹṣì kéékèèké léra ní igun kan, wọ́n kọjú pátákó ìkọ̀wé dúdú sí ògiri. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, mo sì ti ro gbogbo ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, àmọ́ wọ́n ti fà mí dìde kí n tó sọ ọ̀kan nínú rẹ̀. Mo sọ ti ọmọbìnrin òyìnbó náà fún wọn, mo sọ ti ojú ìwé karùn-ún, mo ní kí wọ́n wá gba àga mi lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọn kò bi mí léèrè nípa àga.

"Ọjọ́ tí ẹ ní ẹ ti kà á yẹn," ni wọ́n wí, "ṣé ẹ ti kà á lóòótọ́?"

"Rárá, Ma."

"Háà." Wọ́n gbé àwo ẹ̀wà náà sílẹ̀. "Èmi gbà yín gbọ́ o. Mo délé, mo ka ìwé yẹn títí ojú fi ń ro mí. Mo ní kí ló ṣe mí, tí gbólóhùn kan ò fi yé mi? Mo ní àṣé bí mo ṣe ń ka nǹkan sódì nìyí látọjọ́ yìí, tí mo sì fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ni mo bá sọ fún àwọn ọmọ lesson pé kí wọ́n má wá mọ́."

Mo ti rò pé iṣẹ́ nìkan ni mo gbà lọ́wọ́ wọn.

"Kí ló wà níbẹ̀ gan-an?" wọ́n bi mí, ohùn wọn sì lọ sílẹ̀.

"Pé bí etí bọ́ọ̀lù bá ti kan ìlà, ó ti wọlé."

"Bí mo ṣe kà á nìyẹn."

"Bí ẹ ṣe kà á gẹ́lẹ́ nìyẹn, Ma."

"Bí mo ṣe kà á nìyẹn," wọ́n tún wí, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n padà sórí àga mi, pé àwọn ò fẹ́ ẹ. Wọ́n bu omi fún mi mu, wọ́n sì sìn mí dé etí odò.

Ọdún mélòó kan ti kọjá lórí rẹ̀. Iṣẹ́ náà ti parí, wọ́n ní kọ̀ǹpútà ti mọ̀ ọ́n ṣe fúnra rẹ̀, ọ̀gá sì ti kó kúrò ní Kétu. Nígbà mìíràn mo máa ń wo eré náà lórí fóònù, ó sì ti ń yé mi díẹ̀díẹ̀. N kò padà sí Àgbòyí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dé etí odò, tí mo dúró, tí mo wo àwọn ọlọ́kọ̀, tí mo sì ṣẹ́rí padà. Bí wọ́n bá bi mí pé ta ló jẹ̀bi, mo lè dáhùn láì ronú. Àga ṣeé dá padà, mo gbé e lọ, wọn ò gbà á. Èyí tí mo gbà lọ́wọ́ wọn gan-an, n kò tíì mọ̀ títí di òní bí wọ́n ṣe ń dá a padà fún ènìyàn.