Fíìmù Théodore Ń Kan Nínú Ilé Tí Ẹ Tì Pa

Àbúrò mi Théodore kú ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Rodolphe, dirẹ́tọ̀ Ilé Ìrántí Òkè tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ pamọ́ sí, gbé òdòdó wá síbi ìsìnkú, ó ní akọni ló lọ. Ṣé akọni ni wọ́n máa ń tilẹ̀kùn mọ́? Ilé Rodolphe yìí ni fíìmù Théodore wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní kó máa lọ, kó máa bọ̀, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kọ̀ ọ́.

Mi ò kàwé púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bá fẹ́ sọ, mo lè kọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní bá mi tún un ṣe.

Ìjọba ló rán Théodore lọ sí Bràsíìlì pé kó lọ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ní São Paulo, ó pàdé àwọn kan tí wọ́n ń ṣe sinimá láìlówó lọ́wọ́. Àjẹkù fíìmù àwọn olówó ni wọ́n ń rà. Wọ́n á yá pósí lọ́wọ́ káfíńtà, wọ́n á dá a padà kí olókùú tó dé. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn ni òṣèré, ìta gbangba ni ilé iṣẹ́. Fíìmù òkú tó jí, fíìmù olè, fíìmù wèrè: àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn sójà tó ń ṣèjọba nígbà náà kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn, àlùmọ́gàjí ni wọ́n mú. Lónìí, àwọn ọmọ ọmọ àwọn tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ló ń tò láti wò wọ́n.

Ọ̀kan wà tí àwọn sójà gé títí ó fi dà bí aṣọ tí eku jẹ. Odindi rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù, ẹni tó ṣe é fi lé Théodore lọ́wọ́ pé kó gbé e sá. Dassa, ìlú wa, ló gbé e wá. Bàbá wa bi í pé, "Iṣẹ́ àgbẹ̀ tí o lọ kọ́ dà?" Théodore nawọ́ sí àwọn agolo fíìmù náà. Bàbá ò bá a sọ̀rọ̀ títí iṣu tuntun fi jáde.

Ó yá ẹ̀rọ sinimá àwọn fàdá, ó ta aṣọ funfun sáàárín àpáta, ó ń fi ohùn ara rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ sí Ìdáàṣà, èdè wa. Hervé, tó ń kọ́ wa ní katikísìmù, dúró lẹ́yìn, ojú rẹ̀ le.

"Théodore, ọkùnrin yìí ṣáà ti kú lẹ́ẹ̀kan. Ta ló jí i?"

"Àìlówó ni, ẹ̀gbọ́n. Wọn ò rí ẹlòmíràn tó máa kú lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wò ó, wọ́n ti lẹ irùngbọ̀n mọ́ ọn."

Hervé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Inú ihò àpáta, níbi tí ooru kì í dé, ni Théodore ń tọ́jú fíìmù náà sí. Ó darúgbó, fíìmù ò bàjẹ́. Ni Rodolphe bá dé pẹ̀lú àwọn ayàwòrán, ó ní òun ní yàrá tútù. Théodore gbà á gbọ́, ó sì kó fíìmù náà fún un. Ó kìlọ̀ fún un pé: "Bí ẹ bá gbóòórùn bí ọtí kíkan, fíìmù ń kú nìyẹn. Ẹ tètè pè mí."

Òórùn náà jáde. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n mú Euphrasie tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ní ó ń rẹ ògì pamọ́ sínú yàrá. Wọ́n lé e, wọ́n ti ilẹ̀kùn. "Ìyá, èmi tí mi ò tilẹ̀ fẹ́ràn ògì," ló ń wí fún mi. Ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n ṣèlérí ńkọ́? Yàrá iṣẹ́ Rodolphe ló wà. Mo débẹ̀, òtútù mú mi.

Ní oṣù August, bí àwọn èrò tó ń lọ gbàdúrà ní Arigbo ṣe kún ọ̀nà, Claudia, ọmọ ẹni tó ṣe fíìmù náà, ti São Paulo dé pẹ̀lú ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún fíìmù ṣe. Théodore fi ọ̀pá tẹlẹ̀ mú wọn lọ sọ́dọ̀ Rodolphe, mo tẹ̀ lé wọn.

"Màmá, ẹ fara balẹ̀," ni Rodolphe wí. "Ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó ná."

Mo ní, "Àga ni wọn ò rí? Kí n lọ gbé tèmi wá."

Ìgbìmọ̀ ò jókòó. Claudia padà sílé. Théodore kú.

Wọ́n wá fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ pe yàrá kan. Yàrá wo? Èyí tí fíìmù rẹ̀ ń jẹrà sí?

Claudia ní a ṣì lè rí apá kan gbà là bí ó bá jáde báyìí. Rodolphe, ṣí ilẹ̀kùn lójú gbogbo wa. Kó àwọn agolo náà fún ọmọ ẹni tó ni ín. Sọ ẹni tó gbé ẹ̀rọ òtútù kúrò. Bẹ Euphrasie, kí o sì dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní kọ orúkọ ọmọ ìyá mi sára ògiri yẹn. Akunlé tó bá gbé ọ̀dà débẹ̀, èmi ni yóò kọ́kọ́ kùn.