Ilẹ̀kùn Tó Dé Ṣáájú Ilé

Bí ẹ bá dé Ugbonla tí ẹ dárúkọ Sàláúdéènì olóògbé, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sọ fún yín ni ti ọjọ́ tí òyìnbó ajẹ́lẹ̀ tẹríba fún un. Ẹ má rò pé irọ́ ni. Ojú gbogbo ìlú ló ṣe é.

Ọdún tí ìjọba ń ka ilé káàkiri etí omi ni. Ajẹ́lẹ̀ jókòó sínú ọkọ̀, akọ̀wé rẹ̀ mú ìwé dání, wọ́n ń ka àwọn ilé orí òpó lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé ìpẹ̀kun ìlú, wọ́n bá ilẹ̀kùn kan tó dúró lórí pèpéle pákó láàárín omi. Ilẹ̀kùn nìkan o. Kò sí ògiri, kò sí òrùlé. Sàláúdéènì jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó ń tún àwọ̀n ṣe, gbogbo ayé sì ń rí i.

Akọ̀wé ké láti inú ọkọ̀. "Ìwọ ọkùnrin yìí, ilé rẹ dà?"

Sàláúdéènì kò gbójú sókè.

"Àbí adití ni ọ́ ni?"

"Ẹni tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, kó kan ilẹ̀kùn."

Inú bí akọ̀wé, ó fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Òyìnbó dá a dúró. Ó gun orí pèpéle, ó ṣí fìlà, ó sì kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ta nìyẹn?" ni Sàláúdéènì bi í, bí ẹni tí kò rí nǹkan kan.

"Ajẹ́lẹ̀ ni!" Akọ̀wé ló dáhùn.

"Ẹ wọlé, mi ò tì í."

Wàyí o, ilẹ̀kùn ọkọ̀ òkun ni, kúkúrú ni, òyìnbó náà sì ga bí igi àgbọn. Àfi kó ká ara rẹ̀ sí méjì kó tó lè kọjá. Bó ṣe tẹ̀ báyìí, Sàláúdéènì na ọwọ́ sí i láti orí àpótí tó jókòó lé, ó ní, "Ẹ dìde, ẹ dìde, ó ti tó bẹ́ẹ̀."

Àwọn tó ń wòran rẹ́rìn-ín débi pé ọkọ̀ kan dojú dé. Òyìnbó náà rẹ́rìn-ín, ó wo ilẹ̀kùn náà títí, ó sì ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ bí ilé kan.

Òkun ló gbé ilẹ̀kùn náà wá sí Araromi. Ọkọ̀ ńlá kan ti fọ́ níbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ìgbì sì ń da ẹrù rẹ̀ sórí iyanrìn. Àwọn ọlọ́gbọ́n kó garawa, wọ́n kó aṣọ ìgbòkun, wọ́n kó ìṣó. Sàláúdéènì wo gbogbo rẹ̀, ó gbé ilẹ̀kùn, tòun ti fèrèmù rẹ̀. Igi rẹ̀ pupa, idẹ ni wọ́n fi ṣe ọwọ́ rẹ̀, dígí róbótó kan sì wà láàárín rẹ̀ tó ń woni bí ojú ẹja. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi tukọ̀ gbé e délé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ó ń sùn sí lọ́dọ̀ nígbà náà, fọwọ́ lérí. "Sàláúdéènì, kí lo fẹ́ fi ilẹ̀kùn ṣe?"

"Ilẹ̀kùn ti wà. Ilé ló kù."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ri òpó mọ́lẹ̀, ó tẹ́ pákó lé e, ó gbé ilẹ̀kùn nàró, owó sì tán. Ní àràárọ̀, á fi àdín àgbọn pa igi rẹ̀, á fi ọsàn wẹ́wẹ́ nu idẹ rẹ̀. Bí àlejò bá dé Ugbonla, á fà á lọ́wọ́ lọ síbẹ̀, á ṣí i, á pa á dé. "Ṣé o gbọ́ ariwo kankan?" "Rárá." "Ẹ̀n-ẹ́n! Èyí tó wà nílé rẹ ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà ìbá wà ní ẹ̀rín bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìfẹ́ wọ̀ ọ́. Mùínátù, ọmọ Jùbrílù oníṣòwò ẹja gbígbẹ, a máa fi ọkọ̀ kiri púpúrú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ létí omi. Sàláúdéènì ra púpúrú lọ́wọ́ ọmọ yìí títí kò fi mọ ibi tó máa kó o sí, torí kò kúkú nílé. Nígbà tó yá, ó kó ara rẹ̀ jọ, ó lọ bá Jùbrílù, bàbá ọmọ náà.

"Ilé wo lo fẹ́ gbé ọmọ mi sí?" ni bàbá bi í.

"Bàbá, ìjọba ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo nílé."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lọ fẹ́ ọmọ ìjọba."

Bàbá kò ṣàwàdà o. Kọ́lájọ, onílé páànù, ti ń tọrọ Mùínátù láti ọdún tó kọjá. Ṣùgbọ́n Mùínátù kò gbà, kò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta, ni bàbá bá dá àdéhùn kan. Ó ní bí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, òun á wá jókòó sílé Sàláúdéènì. Bí omi ò bá kán sóun lórí, kí Sàláúdéènì fẹ́ ọmọ òun. Bí ẹ̀kán kan ṣoṣo bá kán, Kọ́lájọ ló ni ín.

Sàláúdéènì ṣe bí ẹni tí iná ń jó. Ó fi pákó ṣe ògiri, ó fi imọ̀ ọ̀gọ̀rọ̀ bo òrùlé ní ìlọ́po mẹ́ta. Adégbóyè káfíńtà wá wò ó, ó mi orí.

"Ilé dára. Jẹ́ kí n gé òkè fèrèmù yìí kúrò, kí àna rẹ lè wọlé lórí ìdúró."

"Bí fìlà ọmọ rẹ bá kéré, ṣé orí ọmọ lo máa gé?"

Adégbóyè kó ayùn rẹ̀ ó lọ.

Ọjọ́ tí òjò ṣú lójú òkun, ìlú tú síta. Bàbá Mùínátù dé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ nínú ọkọ̀, Kọ́lájọ tẹ̀ lé wọn láti wá jẹ́rìí. Bàbá gun pèpéle, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró.

"Súbúhánálàhi! Ṣé kí n tẹríba fún ọ ni? Èmi tó o wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ mi?"

"Bàbá, ilẹ̀kùn ló rí bẹ́ẹ̀."

"Èmi kì í ṣe òyìnbó! Ọlọ́run nìkan ni mò ń tẹríba fún."

Òjò bẹ̀rẹ̀. Kọ́lájọ pariwo láti inú ọkọ̀, "Bàbá, ó ti ń kán sí yín lórí o!"

"Ìta ni wọ́n wà!" ni Sàláúdéènì fi ké láti inú ilé. "Òjò ìta ò sí nínú àdéhùn!"

Bàbá yí padà, ó fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Omijé ń bọ̀ lójú Mùínátù, ó sì kúnlẹ̀ sínú ọkọ̀.

"Bàbá mi, ìlà oòrùn ni ẹnu ọ̀nà yẹn kọjú sí. Ẹ kọjú síta bí ẹni tó ń kírun, ẹ tẹríba fún Ọlọ́run, kí ẹ máa fẹ̀yìn wọlé."

Bàbá rò ó. Kò rí àbùkù kan níbẹ̀. Ó kọjú sí ìlà oòrùn, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó bẹ̀rẹ̀ sí fẹ̀yìn rìn.

Òjò kò jẹ́ kí Sàláúdéènì gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú ilé, kò mọ̀ pé ẹ̀yìn ni àna òun ń gbà bọ̀. Bó ṣe gbúròó ẹsẹ̀ lórí pákó, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ilé lẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Gìgísẹ̀ bàbá kọ ọ́, bàbá sì jókòó gbàgà lé e lẹ́yìn.

Òjò ń lu òrùlé.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá," ni Sàláúdéènì wí láti ìsàlẹ̀.

Bàbá kò dìde. Ó gbójú sókè, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́, ó dúró de omi.

"Bàbá, ẹ̀yìn mi..."

"Dákẹ́. Mò ń wo ilé."

Òjò rọ̀ títí ó fi dá. Bàbá wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó gbẹ. Ó dìde, ó na Sàláúdéènì lọ́wọ́. "Ilé ni," ló wí. Kó tó di Iléyá, wọ́n ti so yìgì.

Ọdún tó ṣáájú òmìnira ni Sàláúdéènì kú. Lọ́jọ́ àdúrà kẹjọ, ìtàn rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè fajú ro. Lèmọ́mù gan-an rẹ́rìn-ín. Àárín ẹ̀rín yẹn ni Moríkẹ́ aládùúgbò ti bi opó náà pé, "Mùínátù, Kọ́lájọ nílé páànù. Kí lo rí lára ọkùnrin yìí gan-an?"

Mùínátù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń kiri púpúrú kí n tó mọ̀ ọ́n. Kò sílé tí wọn kì í ti í pè mí. Ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń rà á, wọ́n á so igbá mọ́ okùn, wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí mi nínú ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n gòkè wá rí. Ọjọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀, oòrùn ń pa òun náà, kò lógiri, kò ní òrùlé. Ó dìde, ó ṣílẹ̀kùn fún mi, ó ní, 'Ẹ gòkè wá jókòó, ó ti rẹ̀ yín.' Èmi ọmọ ogún ọdún, ó ń pè mí ní 'ẹ'."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Moríkẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mùínátù fi ìborùn nu ojú.

"Àárò rẹ̀ ń sọ mí," ló wí. "Àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an ni."