Ẹgbẹ̀rún Wáàtì fún Etí Baba Mi

Òórùn sípíkà tó jóná kì í tètè kúrò nínú pálọ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi wà nílé wa ní àdúgbò Barkin Sale, inú sì ń bí mi ṣáá.

Etí Baba mi ti ń wúwo nígbà náà. Òṣìṣẹ́ réluwé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. O mọ bí àwọn ará réluwé ṣe ń ṣe láyé ọjọ́un: ìyàwó tí kò mọ̀wéé kọ á gba ohùn sínú kásẹ́ẹ̀tì, á fi rán ẹni tó ń bá ọkọ̀ ojú irin lọ bá ọkọ rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù nínú àwọn tí màmá mi fi ránṣẹ́ kó tó di olóògbé. Baba ò gbọ́ ọ mọ́ nínú rédíò alákásẹ́ẹ̀tì kékeré wọn, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ ọ kí etí tó dí pátápátá.

Èmi ọlọ́gbọ́n, mo gba ọjà Tunga lọ, mo ra amplifáyà ńlá, irú tí àwọn olówó ń gbé sílé.

"Wallahi, Mallam," ọlọ́jà ní, "ẹgbẹ̀rún wáàtì ló ń fún sípíkà kọ̀ọ̀kan."

Mi ò tiẹ̀ bi ara mi bóyá ògbólógbòó sípíkà Baba méjì tó wà ní pálọ̀ lè gbà á. Nọ́ńbà ló wọ̀ mí lójú.

Mo fi wáyà so rédíò náà mọ́ ọn. Iná ò sí, ínfátà ilé tó ń lo bátìrì ò sì lè gbé e. Bí mo bá ti yí ohùn sókè, á ké, á kú. Mo tan jẹnẹrétọ̀, ariwo rẹ̀ bo ohùn màmá mi mọ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń tú wáyà tí mo tún ń so ó, orí mi gbóná, mo ń kanra mọ́ gbogbo ará ilé. Lọ́sàn-án ọjọ́ karùn-ún, iná dé. Mo yí i dópin. Abẹ́rẹ́ tó ń fi agbára ohùn hàn lójú amplifáyà fò sókè, sípíkà méjèèjì ya, èéfín rú.

Baba ò bínú. Wọ́n ní, "Ìwọ tí etí rẹ ń gbọ́ràn, kí ni ìyá rẹ wí?"

Ohùn yẹn ti kọjá létí mi láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ni mò ń wò, mi ò fetí sí ohun tó ń sọ. Ojú tì mí débi pé omi bọ́ lójú mi.

Mo yọ rédíò náà kúrò lára amplifáyà, mo gbé e sétí ara mi, mo gbẹ́nu sún mọ́ etí Baba, mo ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀: àlàáfíà ni gbogbo ilé wà, ọmọ ti ń rìn, ẹ má máa pẹ́ jẹun lálẹ́ o. Ọmọ tó ń rìn yẹn, èmi ni. Baba dá màmá mi lóhùn bí ẹni pé ó jókòó níwájú wọn: "Mo ti gbọ́."

Ó ṣì ń dùn mí. Ẹni tó máa jókòó ti Baba, tó máa fara balẹ̀ gbọ́ ìyàwó wọn, kó sì sọ ọ́ fún wọn, ni wọ́n ń wá, mo sì wà nílé lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ní àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀.